Ẹni Tí A Gbàdúrà Fún Tí Kò Dìde: Ohun Tí Hospice Kọ́ Àwa Tọkọtaya

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó fi í pamọ́ di alẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ti bi wá léraléra, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí fóònù, àti nínú inbox wa níbí. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin àti Mọ́mì, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn pé kó dìde, kí lẹ wá ń wá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fẹ́ kú? Ṣé ìyẹn ò tako ìgbàgbọ́ yín ni?" Ìbéèrè gidi ni, a ò bínú sí ẹnikẹ́ni tó bi wá. Ìdí tí a fi fẹ́ dáhùn rẹ̀ ní gbangba ni pé láàárín àwa èèyàn wa, ìdáhùn tí kò tọ́ sí ìbéèrè yìí ń mú kí àwọn kan jẹ ìrora tí kò yẹ kí wọ́n jẹ rárá.

Fún àwọn tí kò mọ̀, dókítà ni àwa méjèèjì kí wọ́n tó fi òróró yàn wá, dókítà náà la ṣì jẹ́. Nàìjíríà la ti kàwé ìṣègùn, a sì ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní PLAB kí wọ́n tó gbà wá síṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Junior doctor ni wọ́n ń pe irú wa nígbà náà. Oṣù September 2024 ni wọ́n yí orúkọ yẹn padà sí resident doctor. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà kékeré níbí ni pé wọ́n á máa gbé e kiri: oṣù mẹ́rin níbi iṣẹ́ abẹ, oṣù mẹ́rin ní ẹ̀ka pàjáwìrì, oṣù mẹ́rin níbòmíràn. Nínú yíyí kiri yẹn ni hospice kan ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó parí tirẹ̀, èkejì gba ipò rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi ń sọ̀rọ̀ ibì kan ṣoṣo nídìí oúnjẹ alẹ́.

Kí ló ń jẹ́ hospice?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú eléyìí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé ìpànìyàn ni. Rárá o. Ilé ìtọ́jú ni, fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ibi tí oògùn lè mú un kúrò pátápátá. Àwọn kan á wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á bá wọn kápá ìrora, èébì tàbí èémí tó ń há, wọ́n á sì padà sílé wọn. Àwọn mìíràn á kú síbẹ̀, ní àlàáfíà, pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aláìsàn kì í san kọ́bọ̀. Apá tó pọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ń ná ilé náà, àwọn ará ìlú ló ń dá a. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ra aṣọ òkìrìkà àti ife àlòkù ní ìgboro níbí, púpọ̀ nínú wọn, ti hospice ni.

Ẹni tó dá irú ilé yìí sílẹ̀ lóde òní, onígbàgbọ́ ni. Cicely Saunders lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1918. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó di òṣìṣẹ́ tó ń bá àwọn aláìsàn yanjú ọ̀rọ̀ ilé àti owó ní ọsibítù. Ibẹ̀ ló ti bá ọkùnrin kan pàdé, David Tasma, Júù tó wá láti Poland, tí jẹjẹrẹ ń pa lọ ní London láìní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì máa ń jọ sọ nípa irú ilé tó yẹ kó wà fún ẹni tó wà nírú ipò yẹn. Nígbà tí ọkùnrin náà kú ní 1948, ó fi £500 sílẹ̀ fún obìnrin yìí, kó lè fi ṣe fèrèsé kan nínú ilé tó máa kọ́. Ẹ gbọ́ o, ilé tí kò tíì sí! Wọ́n ti kọ́kọ́ rí owó fèrèsé kí wọ́n tó rí ilẹ̀. Obìnrin náà padà sílé ìwé, ó di dókítà ní 1957. Ní 1967, ọdún 19 lẹ́yìn ikú ọkùnrin yẹn, St Christopher's Hospice ṣílẹ̀kùn ní London. Inú ilé yẹn náà ni òun fúnra rẹ̀ kú sí ní 2005. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìgbàgbọ́, a ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìgbàgbọ́.

Irú ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní palliative care. Láti inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó jẹ mọ́ aṣọ ìlékè tí èèyàn fi ń bora. Ẹni tí òtútù ń mú, tí o ò lè dá òtútù dúró fún, o lè fi aṣọ bò ó. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ìjókòó ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa

Ní ọsibítù ńlá, dókítà kékeré kì í jókòó. Ẹ̀rọ tó ń pè wá á máa dún nínú àpò, a ó máa sáré láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì la ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, lórí ìdúró. Ní hospice, ọjọ́ kìíní gan-an, dókítà àgbà tó ń kọ́ wa fa àga wá, ó ní, "Ẹ jókòó kí ẹ tó lanu." Ó ní tí a bá dúró, aláìsàn á rò pé a ti ń lọ, kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ náà yàtọ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló ń ṣe yín?" Ìwé ti sọ ìyẹn. Wọ́n ń béèrè pé, "Kí ló ń jẹ yín lọ́kàn jù lọ báyìí?" Bàbá òyìnbó kan, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, jẹjẹrẹ ti gba gbogbo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A rò pé èémí ló máa sọ. Ó ní ajá òun ni. Ta ló máa mú un? Ṣé ẹ rí i, ọjọ́ mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀ tó ń kọ oúnjẹ, kò sì sí oògùn tó lè wo ìyẹn. Wọ́n mú ajá náà wá, ó sùn sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Aládùúgbò kan gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. Bàbá jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Bíbélì, ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. A máa ń bú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tó dáa: ọjọ́ méje ni wọ́n fi bá a jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ nǹkan kan, nítorí wọ́n rí i pé ìrora rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wa tí ń lọ kí aláìsàn, ibi tí wọ́n ti bàjẹ́ yẹn la ti ń bẹ̀rẹ̀. A ò tíì jókòó, a ti ń wàásù.

Ìrora mẹ́rin

Cicely Saunders ló kọ́ ayé pé ìrora ẹni tó ń lọ kì í ṣe ẹyọ kan. Ìrora ara wà. Ìrora ọkàn wà, bí ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́. Ìrora ilé wà: owó, ọmọ, ìjà ẹbí. Ìrora ẹ̀mí náà wà: "Kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?" Tí o bá ń fi oògùn lé ọ̀kan, tí mẹ́ta yòókù ṣì wà níbẹ̀, ńṣe ni wàá máa pọn omi sínú agbọ̀n.

Bàbá Yorùbá kan wà níbẹ̀ nígbà tiwa. A ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú gbogbo ìtàn tí a ń sọ yìí o, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àpò ìtọ̀ ti wọ egungun rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fi kún oògùn ìrora rẹ̀, síbẹ̀ tó bá ti di òru, á máa kérora. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ló sọ pé, "Ọkùnrin yìí kì í sùn, àjà ló máa ń wò." Wọ́n wá ní kí ọ̀kan nínú wa lọ bá a sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. A jókòó. A kí i bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. A ní, "Bàbá, kí ló ń jẹ yín lọ́kàn?" Kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta ló ní àbúrò òun wà nílé tí àwọn ò tíì bá ara àwọn sọ̀rọ̀ fún ọdún 11, lórí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló máa gbé mi sin? Òun náà kọ́?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi WhatsApp pe ilé. A jáde fún wọn. Ohùn la gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn àgbàlagbà méjì tó ń sunkún. Bàbá sùn lóru ọjọ́ yẹn, a ò sì ní láti fi kún oògùn rẹ̀ mọ́ títí tó fi lọ. A ò sọ pé fóònù wo jẹjẹrẹ sàn o. Jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora tó kù yẹn kì í ṣe ti egungun.

Ọ̀rọ̀ mọ́fíìnì

Ibi tó le la dé yìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.

Màmá kan wà, ọmọ ìjọ kan ni, kì í ṣe ìjọ wa. Nọ́ọ̀sì á fún un ní oògùn mọ́fíìnì, á gbà á, á fi pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n bá ti jáde, á tu ú sínú páálí ìnujú. Ojú rẹ̀ á dì pọ̀, òógùn á bò ó, á ní, "Ara mi le." Wọ́n tún ní kí a lọ bá a sọ̀rọ̀. Ó wá sọ pé ẹnì kan sọ nínú àdúrà orí fóònù pé ẹni tó bá ti gba mọ́fíìnì ti bá ikú tọwọ́ bọ̀wé.

Hàà! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa, ẹ sì gbé e yẹ̀ wò.

Mọ́fíìnì kì í ṣe oògùn ikú. Oògùn ìrora ni. Iye kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fún èèyàn ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin tó bá jẹ́ èyí tó tètè ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rí i. Tí ìrora bá já lu èèyàn láàárín méjì, wọ́n ní iye tí wọ́n fi ń lé e, ìdá 1 nínú 6 sí ìdá 1 nínú 10 àpapọ̀ èyí tí aláìsàn ń lò lójúmọ́. Tí aláìsàn ò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, tí wọ́n fẹ́ gbà á sábẹ́ awọ, ìdajì iye ti ẹnu ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ń lo mílígíráàmù 60 lójúmọ́ láti ẹnu, 30 ló máa gbà sábẹ́ awọ. Ìṣirò ni, kì í ṣe àfọwọ́bù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù alágádágodo ló ń gbé, nọ́ọ̀sì méjì ló sì ń fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó máa ń dáni ní inú gbígbẹ, nítorí náà wọ́n á fi oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀ tì í. Ó lè jẹ́ kí oorun máa kun èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá pọ̀ jù, wọ́n kọ́ wa ní àmì rẹ̀: ẹyin ojú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ara á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún, èémí á fà. Wọ́n á dín in kù. Ẹni tó ní ìrora gidi tó sì ń lò ó bí dókítà ṣe wí kì í sábà di ọ̀mùtí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó nínú fíìmù.

A sọ gbogbo èyí fún Màmá. A tún rán an létí pé Pọ́ọ̀lù tí iṣẹ́ ìyanu ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ló ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Kò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. A ní, "Màmá, nígbà tí ìrora yìí bá gbéra, ṣé ẹ máa ń lè gbàdúrà?" Ó dákẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàdúrà kẹ́yìn. 'Jésù, Jésù' nìkan ni mò ń sọ."

Ẹ wò ó o! Ohun tí wọ́n fẹ́ fi dáàbò bo ìgbàgbọ́ rẹ̀, òun ló gba àdúrà lẹ́nu rẹ̀.

Ó lo oògùn náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a fi máa padà wá lálẹ́, ó ti jókòó, ó ti wé gèlè, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà sílé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló lò nílé, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbàdúrà títí.

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má dákẹ́ sí ìrora. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé náà, ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan lèyí. Ní Uganda, láti 1993 tí dókítà Anne Merriman ti dá hospice sílẹ̀ ní Kampala, lẹ́búlẹ́bú mọ́fíìnì ni wọ́n ń pò mọ́ omi sínú ìgò, kí aláìní náà lè rí i lò, wọ́n sì wá gba àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ láàyè láti máa kọ ọ́ fún aláìsàn. Ní Ìbàdàn tiwa, ní UCH, ẹ̀ka hospice àti palliative care wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo sì wà lára àwọn tó ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Tí ìrora bá ń da èèyàn yín láàmú, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín. Ẹ sọ pé palliative care lẹ fẹ́.

"Ẹ má sọ fún Dádì"

Kò sí ìdílé wa tó wọ ibẹ̀ tí wọn ò sọ gbólóhùn yìí. Wọ́n á fà wá sí kọ̀rọ̀, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì. Tó bá gbọ́, á kú."

Wọ́n kọ́ wa ní bí a ṣe ń sọ ìròyìn burúkú, òṣèré ni wọ́n sì gbà wá kó ṣe bí aláìsàn, kí a fi kọ́ ọ kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni gidi. O ò ní já wọlé kí o da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni da omi nù. Wàá kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni náà mọ̀. Wàá béèrè ìwọ̀n tó fẹ́ mọ̀. Tó bá ní òun ò fẹ́ mọ̀, wàá bọ̀wọ̀ fún un. Tó bá fẹ́ mọ̀, wàá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tó yé e, lẹ́yìn náà wàá pa ẹnu mọ́. Pípa ẹnu mọ́ yẹn ló le jù. Àwa Yorùbá mọ̀ pé ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n dídákẹ́ náà nílò ọwọ́ ẹ̀lẹ̀.

Bàbá kan báyìí, ọmọ mẹ́rin ló yí i ká, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín òfìfo. Nígbà tí wọ́n lọ wá oúnjẹ, a jókòó, a ní, "Dádì, kí lẹ mọ̀ nípa àìsàn yín?" Ó wo ilẹ̀kùn kọ́kọ́, ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn ọmọ ni mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀."

Ṣé ẹ rí i? Bàbá ń dáàbò bo ọmọ, ọmọ ń dáàbò bo bàbá, gbogbo wọn wá ń dá sunkún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n jọ sọ ọ́, ẹkún sọ nínú yàrá yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹkún, Dádì sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ó sọ iye tí ó jẹ àti iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn. Jékọ́bù ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an lórí ibùsùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ń lọ, ó pe àwọn ọmọ jọ, ó súre, lẹ́yìn náà ló kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ibùsùn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi pamọ́ fún Jékọ́bù, ta ni ì bá súre fún Júdà?

Ọjọ́ ìkẹyìn

Àwa dókítà kékeré mọ bí a ṣe ń jí ọkàn tó dúró. Ní hospice ni a ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń kú tí kò sí ẹni tó ṣe é ní nǹkan burúkú. Oorun á máa pọ̀. Oúnjẹ ò ní wù ú mọ́. Níbí ni àwọn èèyàn wa ti ń jà, wọ́n á gbé ògì gbígbóná dání, "Dádì, ẹ gbé díẹ̀ mì." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Kì í ṣe àìjẹun ló ń pa á. Bí ara ṣe ń pa ilé dé ni kò fi béèrè oúnjẹ mọ́. Ẹ fi kànìnkànìn kékeré tó tutù nu ẹnu rẹ̀, ẹ fi nǹkan pa ètè rẹ̀ kó má gbẹ. Èémí á máa yára, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fun lè máa dún hòrò-hòrò. Ó máa ń já àwa tí a ń gbọ́ láyà ju ẹni tó ń ṣe lọ.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní syringe driver, tó ń ti oògùn sábẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24. Àwọn kan ń pè é ní abẹ́rẹ́ ìparí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó ń bì tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀ náà máa ń lò ó, wọ́n sì ń yọ ọ́ tí ara bá balẹ̀.

Tí èèyàn bá wá kú, òfin iṣẹ́ ni pé kí dókítà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 5 gbọ́ àyà rẹ̀, kó wo ẹyin ojú, kó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 gùn o! Kò sí fóònù, kò sí ìwé, ìwọ àti ẹni náà ni. Dókítà àgbà wa máa ń pe orúkọ òkú kó tó fọwọ́ kàn án, á ní òun fẹ́ gbọ́ àyà rẹ̀. Àwa méjèèjì gba àṣà yẹn. Ìṣẹ́jú 5 yẹn la fi ń gbàdúrà fún àwọn tó kù sílé.

Ṣé a ṣì ń gbàdúrà ìwòsàn?

Bẹ́ẹ̀ ni! Ní gbogbo Sunday. Ọlọ́run wa ń wo aláìsàn sàn, a ti fojú rí i. Ó fi ọdún 15 kún ti Hesekáyà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìwé Ọba Kejì orí 13. Èlíṣà, ẹni tó jí òkú ọmọ dìde, ẹni tí agbára lé e lórí ní ìlọ́po méjì, àìsàn ló ṣe é, àìsàn náà ló sì pa á. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ó ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ tán. Ọba fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sunkún lé e lójú, wòlíì náà sì ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run lórí ibùsùn yẹn. Lẹ́yìn tó kú, òkú kan kan egungun rẹ̀, ó dìde! Agbára ò fi í sílẹ̀. Àìsàn kò túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ti kọ ẹni sílẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó dìde là ń pè síwájú kó jẹ́rìí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò dìde ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àga lẹ́yìn, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀rí yẹn. Tó bá jẹ́ pé ohun tí a ní fún un kò ju "Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò tó" lọ, a ti pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń lọ kí aláìsàn, àwọn nǹkan wọ̀nyí la ní kí ẹ mú lọ.

Ẹ jókòó kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbàdúrà: "Kí lẹ fẹ́ ká bá yín gbàdúrà fún?" Ó lè má jẹ́ ohun tí ẹ rò.

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ìjọ wa, àwa kọ́ ló rán an.

Ẹ má fi àsọtẹ́lẹ̀ "o ò ní kú" dí èèyàn lọ́wọ́ láti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Jésù gan-an, lórí igi àgbélébùú, ó wá ibi fi ìyá rẹ̀ sí.

Ẹ kọ ìwé ìhágún yín nígbà tí ara yín le. Kò pe ikú wá. Ó ń lé ìjà jìnnà ni.

Ẹ má yọ́ kúrò lẹ́yìn aláìsàn nítorí àdúrà kò gbà bí ẹ ṣe fẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló nílò yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú bàbá tàbí ìyá lọ́wọ́ báyìí, tí ẹ kì í sùn, a mọ̀ pé ẹ wà níbí, ẹ ń kà á. Ọlọ́run rí yín. Kò ní rẹ̀ yín. Ìrora tó wà nínú ilé yẹn, Olúwa á fi ìtura bò ó. Ẹni tó máa dìde, á dìde lógo. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá tó, kò ní lọ nínú ìrora, kò ní lọ ní òun nìkan, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni á wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ ṣe Àmín. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń fi ìrora pamọ́ nítorí ohun tí pásítọ̀ kan sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lálẹ́ yìí. Ẹ ní pásítọ̀ méjì ló ní kó lo oògùn rẹ̀.